Oògùn Oorun àti Ẹni Tí Ẹ̀dọ̀ Ń Yọ Lẹ́nu

Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí láti parí ọ̀rọ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì ná. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa níbí ní Sùúrùlérè tí mi ò fẹ́ kó tutù lọ́wọ́ mi.

Aago méjìlá òru ku díẹ̀ ni fóònù mi dún. Ìyá Ìbejì ni, ìyàwó aládùúgbò mi. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú pé mo jí yín. Bàbá Ìbejì ò sùn láti ìjẹta. Ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Tílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á máa rìn káàkiri pálọ̀. Lánàá wọ́n bu iyọ̀ sínú tíì. Lálẹ́ yìí wọ́n bú mi, wọ́n tún bi mí pé ta ni mí. Ọmọ wa ti ra Lexotan wá ní kẹ́mísì. Ṣé odindi ni kí n fún wọn àbí ìdajì?"

Mo ní kó má fún un ní ìkankan. Mo wá bi í pé, ìgbà wo ni ọkọ rẹ̀ yàgbẹ́ kẹ́yìn? Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó tó ọjọ́ mẹ́rin, sà." Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ náà, kí ọmọ wọn kó gbogbo oògùn tí bàbá rẹ̀ ń lò dání, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Àwọn kan nínú yín á ti máa rẹ́rìn-ín: obìnrin ń sọ̀rọ̀ oorun, Prof ń bèèrè ìgbẹ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa rí ohun tó so méjèèjì pọ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Bàbá Ìbejì ń ṣe ní Ṣómólú. Ọdún méje sẹ́yìn ni wọ́n sọ fún un pé ó ní mẹ́dọ̀wú B, ìyẹn hepatitis B. Kì í ṣe òun nìkan o. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní 2018, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ó lé ní mẹ́jọ tó ní kòkòrò yìí lára. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ìkókó wa, nítorí náà èmi àtẹ̀yin tí a ti dàgbà ká tó dé ibẹ̀, ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Lára Bàbá Ìbejì, àìsàn náà ti sọ ẹ̀dọ̀ di líle. Ikùn rẹ̀ ti ń wú, ó sì ń lo oògùn tó ń mú un tọ̀.

Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kúrò ní ìfun, tó ru ohun tí a jẹ, kì í lọ sínú ọkàn tààrà. Ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá, nípasẹ̀ iṣan ńlá kan tí àwọn dókítà ń pè ní portal vein. Ẹ rò ó bí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀: ẹrù kì í wọlé láìjẹ́ pé kọ́sítọ́ọ̀mù tú u wò, ìyẹn tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ń ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Lára ẹrù tó ń kọjá níbẹ̀ ni amóníà, èyí tí ìfun àtàwọn kòkòrò inú rẹ̀ ń mú jáde nígbà tí oúnjẹ bá ń dà. Ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ yá á sọ amóníà di yúríà, kíndìnrín á sì dà á nù nínú ìtọ̀.

Nígbà tí mẹ́dọ̀wú, tàbí ọtí, tàbí ọ̀rá, bá ti bá ẹ̀dọ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpá á bò ó, á le gbagidi. Cirrhosis ni orúkọ rẹ̀. Nígbà náà, agbára kọ́sítọ́ọ̀mù á ti dín kù, ẹ̀jẹ̀ tí kò sì ráyè kọjá á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà. Fàyàwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Amóníà àti májèlé mìíràn á gba ọ̀nà fàyàwọ́ dé ọpọlọ láìsí ẹni tó tú wọn wò.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Ní 1877, oníṣẹ́ abẹ kan ará Rọ́ṣíà, Nikolai Eck, ṣiṣẹ́ abẹ fún ajá, ó so iṣan tó ń bọ̀ láti ìfun mọ́ iṣan ńlá tó ń lọ sí ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá mọ́. Ní 1893, Ivan Pavlov àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St Petersburg kọ ohun tí àwọn náà rí lára irú ajá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: bí wọ́n bá fún wọn lẹ́ran jẹ, ìwà wọn á yí padà. Òmíràn á máa bínú, òmíràn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, òmíràn á dákú lọ. Ní 1954 ni Sheila Sherlock àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wá ṣàlàyé irú nǹkan kan náà lára ènìyàn tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Hepatic encephalopathy ni àwọn dókítà ń pè é lónìí. Èmi á máa pè é ní ìdàrú ọpọlọ láti ẹ̀dọ̀.

Kì í bẹ̀rẹ̀ bíi wèrè. Oorun ló sábà máa ń kọ́kọ́ dàrú: ẹni náà á fi ọ̀sán ṣe òru, á fi òru ṣe ọ̀sán. Ìwé rẹ̀ á máa wọ́, báńkì á ní ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ò jọ tàná. Á gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, á máa bínú lórí nǹkan tí kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ọ̀nà kan báyìí: tí ẹ bá ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó ká àtẹ́lẹwọ́ sókè bíi ti ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró, ọwọ́ náà á máa já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ìyẹ́ ẹyẹ. Tí ẹnikẹ́ni ò bá dá sí i, á máa tòògbé, á sùn lọ fọnfọn, ẹ ó sì pè é títí kò ní dáhùn.

Kí ni àwa ará Èkó máa ń ṣe sí irú èyí? Mo ti rí ìdílé tó gbé bàbá wọn lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n ní ogun ilé ni. Mo ti rí èyí tó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Yábàá. Mi ò bá Yábàá jà o. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà, àwọn dókítà ibẹ̀ sì mọ̀ pé ara tí kò yá lè da orí ènìyàn rú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí à ń ṣe nínú ilé ká tó gbé ẹsẹ̀ síta. "Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní nǹkan kí wọ́n lè sùn, tó bá dàárọ̀ a ó mọ ohun tí a máa ṣe." Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà.

Ẹ wò ó bí oògùn oorun ṣe ń ṣe lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ẹ fi Valium bẹ̀rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ diazepam. Lára ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ó máa ń tó ọjọ́ kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ ọ, ohun tó sì fọ́ sí náà tún ń kun ènìyàn lóorun. Lára ẹni tó ní cirrhosis, àkókò yẹn lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fún un ní ẹyọ kan lálẹ́ Ọjọ́ Ajé, ó ṣì wà níbẹ̀ digbí nígbà tí ẹ bá fún un ní ti Ìṣẹ́gun, àwọn méjèèjì á sì wà níbẹ̀ dúró de ti Ọjọ́rú. Bí ìgbà tí ènìyàn ń da omi sínú báàfù tí ihò rẹ̀ ti dí ni.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe albumin, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oògùn káàkiri bí ọ̀kadà ṣe ń gbé èrò. Oògùn tó bá wà lórí ọ̀kadà kò lè ṣe nǹkan kan. Èyí tó bá sọ̀kalẹ̀ ló ń wọ ọpọlọ. Midazolam, tí wọ́n máa ń gún fún ènìyàn ní ọsibítù, nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bíi 97 ló ń wà lórí ọ̀kadà. Ká wá sọ pé albumin dín kù, 97 di 94. Ẹ lè ní ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Àwọn tó wà nílẹ̀ ti kúrò ní 3, wọ́n ti di 6. Oògùn kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà, agbára ìlọ́po méjì.

Èyí tó burú jù ni ti ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ọpọlọ wa ní bíréèkì. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní GABA ló ń tẹ̀ ẹ́, kí ọpọlọ lè rọra ṣe. Nínú ìdàrú ọpọlọ láti ẹ̀dọ̀, ẹsẹ̀ ti wà lórí bíréèkì kí ẹnikẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Bíréèkì kan náà ni Valium, Lexotan àti midazolam ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba tí kò lè ṣe èmi ní nǹkan kan fi lè gbé aláìsàn ẹ̀dọ̀ lọ. Bàbá tí ẹ rí tó ń rìn káàkiri pálọ̀ lóru, tó ń pariwo, ọpọlọ rẹ̀ kò sáré jù rárá. Ó ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni, ariwo yẹn sì wà lára àmì rẹ̀.

Ẹ má rò pé Lexotan àti Valium nìkan ni mò ń wí. Piriton tí ẹ ń lò fún ara yíyún, Phenergan, tramadol, abẹ́rẹ́ pentazocine, gbogbo wọn lè ṣe é. Omi ikọ́ tó ní codeine nínú náà wà lára wọn; 2018 ni ìjọba fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ̀lú. Tramadol àti codeine tún ń mú ìgbẹ́ le. Tí ìgbẹ́ bá sì pẹ́ nínú ìfun, amóníà á pọ̀ sí i. Ṣé ẹ ti wá mọ ìdí tí mo fi bi Ìyá Ìbejì ní ìbéèrè yẹn?

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan tí mi ò tíì sọ fún yín rí. Ní 1983, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ nínú ìmọ̀ oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní Ìdí-Òrò, ní Muṣin. Ìyàwó wọn ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan pé wọn ò sùn, wọ́n ń sọ ìsọkúsọ. Mo ki Valium bọ àpò, mo wọ mólùè. Mo fún wọn ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tiẹ̀ ṣàlàyé fún ìyàwó wọn bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi sùn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n sùn. Ní ọjọ́ Ajé wọn ò tíì jí.

Nígbà tí a gbé wọn dé ọsibítù, dókítà àgbàlagbà kan ṣí ojú wọn, ó sì pè mí. Ó ní kí n wo ojú wọn. Ó pọ́n bí ọsàn. Ó bi mí pé ta ló fún wọn lóògùn. Mo ní èmi ni. Ó ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo sọ fún un. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń kọ̀wé rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n jí, wọ́n sì tún lo oṣù mọ́kànlá láyé kí ẹ̀dọ̀ náà tó mú wọn lọ. Tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní, "Lẹ́kítọ́rà, o ò gbé oorun wá lónìí?" Àwọn ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín.

Mo mọ oògùn náà dáadáa. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mi ò wò.

Ó ku ibi tí oògùn akunnilóorun ti lè di dandan. Ọ̀nà fàyàwọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba ọ̀nà ọ̀fun, àwọn iṣan ibẹ̀ á wú, wọ́n lè bẹ́, ẹni náà á máa bì ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní láti ki rọ́bà oníkámẹ́rà gba ẹnu wọlé kó lè so iṣan náà. Tó bá jẹ́ àyẹ̀wò ráńpẹ́ lásán, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń fín oògùn sí lọ́nà ọ̀fun nìkan, tí wọ́n sì ń fara dà á lójú ferefere. Kò dùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Tó bá máa pẹ́, tàbí tí ara aláìsàn ò bá gbà á, a ó kùn ún lóorun. Nígbà náà, oògùn wo?

Midazolam ni ó wọ́pọ̀. Lára aláìsàn ẹ̀dọ̀, ó ń pẹ́, ó sì lè da orí rẹ̀ rú fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Propofol, oògùn funfun bíi mílíìkì yẹn, ń tètè kúrò lára, ìwádìí tó fi méjèèjì wéra lára àwọn tó ní cirrhosis sì fi hàn pé àwọn tó gba propofol ń tètè jí, orí wọn sì ń tètè pé. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré yọ̀. Propofol lè dá èémí dúró, ó lè já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń pa á lára. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ èémí aláìsàn lọ. Midazolam ní èyí tó ń pa á, flumazenil, àmọ́ agbára flumazenil máa ń tán kí ti midazolam tó tán, aláìsàn tó ti lajú lè tún padà sùn lọ nígbà tí gbogbo ènìyàn ti yíjú síbòmíràn.

Èyí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tí orí rẹ̀ sì ti dàrú kọjá ààlà, òun kọ́ ni wọ́n ń kùn lóorun díẹ̀. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya wọ ẹ̀dọ̀fóró. Tí dókítà bá sọ fún yín pé òun máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sunkún pé wọ́n ti fi í sórí ẹ̀rọ. Ààbò ni.

Ẹ̀yin ìdílé lè béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí dókítà gidi tó máa bínú sí i. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ ń ṣe é, ẹ sọ ọ́ kó tó béèrè, ẹ sì sọ bó ṣe ń sùn láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn. Ẹ bi í pé ta ló máa dúró ti èémí rẹ̀, ṣé ẹ̀rọ tó ń wọn èémí tó ń jáde wà, àbí ti orí ìka nìkan ni. Mo ní ìdí tí mo fi sọ èyí. Tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá ń wọ imú aláìsàn, nọ́ńbà orí ìka lè dára fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mímí fúnra rẹ̀ ti ń kú lọ. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ní bátìrì. Nílùú tí iná lè lọ nígbàkúgbà, ìbéèrè yẹn ò le jù.

Àfi ibì kan tí mo fẹ́ kẹ́ ṣọ́ra kẹ́ má fi ọ̀rọ̀ mi bá dókítà jà. Ẹni tó ń mu ògógóró lójoojúmọ́, tó sì dá a dúró lójijì, lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un. Lorazepam tàbí oxazepam ni dókítà lè fún irú ẹni yẹn, díẹ̀díẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ ń gbà fọ́ àwọn méjì yẹn yàtọ̀, ọ̀nà náà sì máa ń ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ gan-an. Ọsibítù ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Kẹ́mísì kọ́.

Nínú ilé ńkọ́? Lactulose ni oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún wọn, ó dùn bí oyin. Kó máa yàgbẹ́ rírọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lóòjọ́ ni a ń wá. Tó bá di pé ó ń ṣu bí omi, ẹ dín in kù, ẹ pe dókítà, nítorí tí omi bá tán lára, orí á tún dàrú. Ẹ má fi àgbo fọ inú rẹ̀. Ẹ má sì gba ẹran, ẹja àti ẹ̀wà lẹ́nu rẹ̀. Àwa náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà kan pé kí wọ́n gbà á, nítorí ajá Pavlov. Ó ti hàn báyìí pé ńṣe ni irú ebi bẹ́ẹ̀ ń jẹ ẹran ara aláìsàn tán. Mọ́ínmọ́ín dára. Ife ògì kan kó tó sùn dára. Ní ti oorun fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó sójú oòrùn láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án, ẹ sì fún un ní oògùn ìtọ̀ láàárọ̀ dípò alẹ́. Tí orí bá wá dàrú lójijì, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ó gbóná, ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ bóyá ó dúdú bí ọ̀dà, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Kó má wa mọ́tò o, kódà tó bá ní ara òun ti yá.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Bàbá Ìbejì lò lọ́hùn-ún. Inú tó dí yẹn ni wọ́n rí pé ó fà á, àti omi tó gbẹ lára rẹ̀ nítorí oògùn ìtọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo lọ kí i. Àwọn ará Ítálì ti dán ìdánwò kan wò fún irú àìsàn yìí: kí aláìsàn dárúkọ ẹranko tó bá mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá tó mẹ́wàá, kí ara fu dókítà. Mo gbé aago sílẹ̀, mo ní kó máa dárúkọ wọn ní Yorùbá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúrẹ́, ó dé orí ìjàpá, ó fò lọ sínú igbó, ó dárúkọ ẹtu àti ìgalà. Mo ka mẹ́tàdínlógún. Ìyàwó rẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún ni, pé adìyẹ àti àkùkọ, ọ̀kan ṣoṣo ni. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí nígbà tí mo fi dìde.